Ìbẹ́pẹ Kì í Ṣe Igi Àkìtàn

Gbólóhùn kan wà tó ti ṣe ìbẹ́pẹ ní jàǹbá ní ilẹ̀ Ìbàràpá ju kòkòrò àti ọ̀dá lọ. Gbólóhùn náà ni, "Ìbẹ́pẹ kò fẹ́ ìtọ́jú, ó ń hù fúnra rẹ̀." Ẹ bi àgbẹ̀ kan léèrè ní Igbó-Ọrà tàbí ní Èrúwà pé kí ló wà lóko rẹ̀, á ka ẹ̀gẹ́, á ka àgbàdo, á ka ẹ̀gúsí, á ka kajú àti máńgòrò. Kò ní dárúkọ ìbẹ́pẹ, bẹ́ẹ̀ igi mẹ́ta lè wà lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀ tí èso ṣù mọ́ wọn lọ́rùn. Lójú rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe oko. Ẹyẹ ló su kóró rẹ̀ síbẹ̀, òjò ló bomi rin ín, ọmọdé ló ń fi ọ̀pá já a. Ohun tí kò náni ní nǹkan kan kò lè jẹ́ iṣẹ́, kò sì lè di owó. Èrò yìí ti wọ̀ wá lára débi pé kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀ mọ́. Èmi ń jiyàn rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí igi náà máa ń hù sí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú ẹ̀rí wá. Ó ń hù lórí àkìtàn. Ó ń hù níbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn gbà. Wọ́n ní ẹ̀rí nìyẹn pé kò fẹ́ ìtọ́jú. Èmi ní ẹ̀rí nìyẹn pé ìtọ́jú ló fẹ́ ju ohun gbogbo lọ. Kí ló wà lórí àkìtàn? Eérú, èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ìyẹ́ adìẹ, gbogbo ohun tó ti jẹrà di ilẹ̀dú. Nínú gbogbo agboolé, kò síbi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀. Kí ló wà lẹ́yìn balùwẹ̀? Omi ni, láàárọ̀ àti lálẹ́, pàápàá láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta tí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń gbẹ koríko Ìbàràpá. Ìbẹ́pẹ tí ẹyẹ su sí àárín pápá tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá, tí kò rí omi, ti kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó hù. Èyí tí à ń rí lẹ́yìn ilé ni èyí tí a ti bọ́, tí a ti fún lómi láìmọ̀ọ́mọ̀. A tọ́jú rẹ̀ tán, a wá ń sọ pé a kò tọ́jú rẹ̀.

Àwọn kan á ní igi igbó ni, pé bí igbó ṣe fún wa ní àgbálùmọ̀ àti igi igba ló ṣe fún wa ní ìbẹ́pẹ. Rárá o. Ìhà gúúsù Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Àwọn ará Sípéènì àti àwọn Potogí ló gbé e káàkiri ayé láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kajú náà, òkun kan náà ni wọ́n là kọjá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àlejò ni gbogbo wọn. Ẹ wá wo bí a ti ṣe gba ẹ̀gẹ́ lálejò. A ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. A mọ èyí tó dára fún láfún àti èyí tó dára fún gàrí. Obìnrin Ìbàràpá mọ iye ọjọ́ tí yóò lò nínú omi kó tó rọ̀. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí ẹ̀gẹ́ yóò ṣe borí àrùn tó ń ká ewé rẹ̀ kò. Kò sẹ́ni tó ń fojú tín-ín-rín ẹ̀gẹ́ pé ó ń hù fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ rọrùn-ún gbìn ju ìbẹ́pẹ lọ: ẹ ju igi rẹ̀ sílẹ̀ lásán nígbà òjò, á rúwé. Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò sí lára igi, ọwọ́ wa ló wà.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù tí wọ́n fi ń kan ìbẹ́pẹ ni pé kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. "Mo gbìn ín, mo retí rẹ̀, akọ ló jẹ́." Ta ni kò tíì gbọ́ ẹjọ́ yìí rí? Ẹ jẹ́ ká tú u wò dáadáa, nítorí ibí ni àìmọ̀ ti ń jẹ́ orúkọ àyànmọ́.

Oríṣi mẹ́ta ni igi ìbẹ́pẹ, kì í ṣe méjì. Akọ ni èyí tí òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́, tó rọ̀ sílẹ̀ dirodiro lórí ọwọ́ gígùn tó yẹ̀ka. Kì í so, bó bá sì ṣèèṣì so, èso tí kò nílárí ni. Abo ni èyí tí òdòdó rẹ̀ tóbi, tó lẹ̀ mọ́ ara igi. Èso rẹ̀ máa ń rí roboto, ṣùgbọ́n ó fẹ́ àtọ̀ òdòdó láti ara igi mìíràn kó tó so dáadáa. Ẹ̀kẹta ni takọtabo, tí òdòdó rẹ̀ kan ṣoṣo ní ti akọ àti ti abo nínú. Èso tirẹ̀ gùn, ẹran ara rẹ̀ nípọn, ihò inú rẹ̀ kéré. Òun ni àwọn àgbẹ̀ tó ń gbìn ín fún ọjà ń wá lójú méjèèjì.

Bí abo bá gba àtọ̀ lára akọ, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tí kóró rẹ̀ yóò hù ni yóò jẹ́ akọ. Ṣùgbọ́n bí takọtabo bá gba àtọ̀ ara rẹ̀, kò sí akọ rárá nínú ọmọ rẹ̀: nínú ọmọ mẹ́ta, méjì á jẹ́ takọtabo, ọ̀kan á jẹ́ abo. Ibí yìí ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé. Ẹni tó mú kóró láti inú ìbẹ́pẹ gígùn, lára igi takọtabo tí kò sí akọ nítòsí rẹ̀, ti yọ akọ kúrò lóko rẹ̀ kó tó gbẹ́ kòtò. Ẹni tó ń dúró de kóró tí ẹyẹ bá su kò mọ ìyá rẹ̀, kò mọ bàbá rẹ̀. Òun gan-an ló sì ń sọ káàkiri pé igi náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Kóró náà kò kàn ṣeé jù sílẹ̀ bó ṣe wà. Awọ tó ń yọ̀ kan bò ó, tí kì í jẹ́ kó tètè hù. A gbọ́dọ̀ fọwọ́ ra á nínú omi títí awọ yẹn á fi bọ́, ká sì sá a síbi tí oòrùn kò mú. Bí ọmọ igi bá ti tó kó lọ sóko, mẹ́ta ni à ń gbìn sí ojú kòtò kan, pẹ̀lú ilẹ̀dú tàbí ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, kí àárín kòtò kan sí èkejì tó mítà méjì sí mẹ́ta. Bí oṣù mélòó kan bá ti lọ, wọ́n á yọ òdòdó. Ìgbà yẹn ni ojú àgbẹ̀ ń ṣiṣẹ́: á yẹ òdòdó wò, á dá takọtabo sí, á gé ìyókù. Bó bá rí omi àti oúnjẹ tó tó, kó tó pé ọdún tàbí kété lẹ́yìn ọdún, èso ti ń pọ́n. Ẹ sọ fún mi, èwo nínú rẹ̀ ló ju agbára ẹni tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú ata rodo lọ?

Ohun méjì ló tún yẹ kí onítọ̀hún mọ̀. Omi tó bá dá rogún sí ìdí ìbẹ́pẹ ń pa á; gbòǹgbò á rà láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà ibi tí omi ti ń ṣàn lọ ló dára jù fún un, irú ilẹ̀ yẹn kò sì wọ́n wa ní Ìbàràpá. Èkejì, bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá mú jù tí omi sì wọ́n, òdòdó takọtabo lè má so fún ìgbà díẹ̀. Àwọn èèyàn á ní igi náà ti yí padà di akọ, wọ́n á gbé àdá. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ẹ dá a sí, ẹ fún un lómi.

Wọ́n á ní, "Ó dáa, ká gbà pé ó so. Ta ló máa gbé e dé ọjà? Á ti rà kó tó dé Bódìjà." Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Awọ ìbẹ́pẹ fẹ́lẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń ká a. A máa ń fi í sílẹ̀ lórí igi títí á fi pọ́n yòò, tí ẹyẹ àti àdán á ti jẹ nínú rẹ̀. A ó wá fi ọ̀pá gún un, á já lulẹ̀ gbì. A ó kó o sínú àpò, a ó ju àpò sí ẹ̀yìn Máíkírà lábẹ́ ẹrù mìíràn. Èso wo ló máa gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ tí kò ní rà? Àwọn tó ń tà á fún ọ̀nà jíjìn kì í dúró dìgbà tó bá pọ́n tán. Bí ìlà kan tó ní àwọ̀ ìyeyè bá ti yọ lára èso, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé e lọ́rùn, wọ́n á gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ kí oje funfun rẹ̀ ro tán, wọ́n á fi bébà wé e, wọ́n á tò ó sínú àpótí. Ojú ọ̀nà ni yóò ti máa pọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni Ghana àti Côte d'Ivoire ṣe ń kó ìbẹ́pẹ tà dé Yúróòpù. Láti Igbó-Ọrà, Abẹ́òkúta kò jìnnà, Ìbàdàn kò jìnnà, ọkọ̀ ń lọ ó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Tòmátì tó rọ̀ bíi tirẹ̀ ńkọ́? Láti òkè Ọya ló ti ń rìn wá sí Mile 12 ní Èkó nínú apẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ á bàjẹ́ lọ́nà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má gbin tòmátì mọ́.

Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn àgbẹ̀ nìkan, àwa tí à ń rà náà jẹ nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì dùn mí jù. Bí ẹni wa bá dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn, kí ni à ń gbé lọ kí i? Ápù ni. Ápù mélòó kan nínú láílọ́ọ̀nù, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti South Africa, tí wọ́n lè ti lo oṣù mélòó kan nínú yàrá tútù kí wọ́n tó kàn wá. Ẹni tó bá gbé ìbẹ́pẹ dání, wọ́n á ní ahun ni, pé ó já nǹkan lẹ́yìn ilé wá kí aláìsàn. Bẹ́ẹ̀, nínú gíráàmù 100 ìbẹ́pẹ pípọ́n, fítámì C tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bíi miligíráàmù 60. Ti ọsàn kò tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 53 ni. Ti ápù kò tó 5. Ìbẹ́pẹ tún ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A, èyí tí ojú ọmọdé nílò. Ó ní omi púpọ̀, ó rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò lè jẹ oúnjẹ líle. Bí a bá fẹ́ ṣe aláìsàn lóore lóòótọ́, èwo ló yẹ ká gbé lọ? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni à ń fi júwe ìbẹ́pẹ títí dónìí.

Àwọn tó sọ pé kò ní oníbàárà kò wo ọ̀tún wo òsì. Àwọn obìnrin tó ń gé èso tà ní gáréèjì àti lẹ́bàá títì ní Ìbàdàn àti Èkó, ṣebí ìbẹ́pẹ wà nínú láílọ́ọ̀nù wọn pẹ̀lú ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti wọtamẹ́lọ̀n? Àjọ FAO máa ń ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ìbẹ́pẹ ti ń jáde jù lọ láyé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń pe àwọn tó ń tà á sókè òkun, Brazil àti Mẹ́síkò ni wọ́n ń pè, a kì í gbọ́ orúkọ wa.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa sọ pé àwọn kò fojú tẹ́ ìbẹ́pẹ rárá, pé oògùn ni. Ewé rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ewé ìbẹ́pẹ, ewé máńgòrò, dongoyárò àti koríko ọba, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan, àgbo ibà dé. Mi ò bá àwọn ìyá wa jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, Igbó-Ọrà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìlú tí a ó ti máa sọ èyí fún èèyàn, nítorí láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé iṣẹ́ ìlera ìgbèríko wá sí Ìbàràpá. Ohun tí mò ń bá wọn jà lé lórí ni pé ilé tó ń se ewé yẹn lójoojúmọ́ lè jẹ́ kí èso tó wà lórí igi kan náà bàjẹ́ síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn igi náà nígbà àìsàn, wọ́n kọ̀ ọ́ nígbà àlàáfíà.

Aboyún ńkọ́? Ní Igbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, wọ́n á kìlọ̀ fún aboyún pé kó má fẹnu kan ìbẹ́pẹ, oyún á bàjẹ́. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Adebiyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Singapore wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002 nínú British Journal of Nutrition. Eku ni wọ́n fi dán an wò. Omi ìbẹ́pẹ tó pọ́n kò ṣe eku tó lóyún ní nǹkan kan. Oje funfun tó wà lára èyí tí kò tíì pọ́n ló ń mú kí ilé-ọmọ sún kì. Ìkìlọ̀ tó tọ́ sí èyí tí kò tíì pọ́n ni a gbé lé èyí tó pọ́n lórí. Aboyún tó jẹ́ pé ẹ̀kọ, láfún àti ọbẹ̀ ìlasa ló wà níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, a wá gba èso tó sún mọ́ ọn jù lọ lẹ́nu rẹ̀ nítorí ìkìlọ̀ tí a kò yẹ̀ wò. Oje yẹn kan náà ni wọ́n ń kó jọ ní Uganda àti Congo, tí wọ́n ń yọ papain lára rẹ̀ tà fún àwọn tó ń fi í rọ ẹran. Lọ́dọ̀ wa, ó ń ro dànù.

Kóró rẹ̀ náà ńkọ́? Ní 2007, Okeniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ 60 ní Nàìjíríà tí aràn wà nínú ìgbẹ́ wọn. Ìdajì gba kóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ tí a pò mọ́ oyin, ìdajì gba oyin nìkan. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, aràn ti kúrò lára 23 nínú 30 tó lo kóró; 5 péré ni nínú 30 kejì. Ìdánwò kékeré ni, kò tíì tó ohun tí a ó fi rọ́pò oògùn aràn tí dókítà kọ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ gbé e sórí tábìlì, àwa ń gbá a dà sí àkìtàn.

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni hú ẹ̀gẹ́. Mo sì mọ ohun tí ojú Ìbàràpá ti rí nítorí màlúù àti nítorí àwọn tó ń fi ìbọn rìn nínú igbó. Ní oṣù Kẹfà 2021 ni wọ́n ya wọ Ìgangan lóru, ẹ̀mí lọ, ilé jóná. Láti ìgbà yẹn, ó lójú ẹni tó lè dá sùn sí oko etílé, ká má tíì sọ ti oko egàn. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ túbọ̀ yẹ ní gbígbọ́. Ẹ̀gẹ́ ń fẹ́ ilẹ̀ gbalasa tó jìnnà sílé. Ìbẹ́pẹ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi mítà méjì ààbọ̀ sáàárín igi sí igi, éékà kan á gba ohun tó lé ní 600. Ìdá mẹ́rin éékà kan lẹ́yìn ilé opó tí kò lè lọ sóko jíjìn mọ́, owó ni.

Èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù jù kò tíì délé tán. Ní Hawaii, níbi tí wọ́n ti ń gbin ìbẹ́pẹ Solo láti 1911, wọ́n ní igi tó dára, ilẹ̀ tó dára àti oníbàárà. Ní 1992, fáírọ́ọ̀sì tí kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa oje ewé máa ń gbé kiri wọ àgbègbè Puna, tí ìbẹ́pẹ wọn pọ̀ sí jù. Kó tó di 1998, ohun tí wọ́n ń ká ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Ohun tó kó wọn yọ ni pé Dennis Gonsalves àti àwọn onímọ̀ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú lórí irú ìbẹ́pẹ tí fáírọ́ọ̀sì náà kò lè ràn. 1998 ni wọ́n pín irúgbìn rẹ̀ fún àgbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfríkà, kòkòrò kan tó funfun bí ìyẹ̀fun, tí orírun rẹ̀ náà jẹ́ Mẹ́síkò, yọjú ní Ghana ní 2009, ó sì tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká. Bó bá bo igi lẹ́yìn ilé ìdáná ní Láńlátẹ̀ lónìí, ta ni yóò mọ̀? Ta ni yóò fi sun ìjọba ìbílẹ̀? Igi tí kò ní olówó kò ní ẹlẹ́rìí. A ó kàn rí i lọ́jọ́ kan pé kò sí ìbẹ́pẹ mọ́, a ó ní ayé ti bàjẹ́.

Ilé iṣẹ́ tó yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. NIHORT, ilé ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́, ti wà ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn láti 1975. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti wà ní Igbó-Ọrà fúnra rẹ̀ láti 2006. Kí àwọn méjèèjì yan igi takọtabo tí èso rẹ̀ dùn, tó sì fara da ẹ̀ẹ̀rùn Ìbàràpá. Kí wọ́n fi àpò bébà bo òdòdó rẹ̀ kó tó là, kí àtọ̀ àjèjì má bàa wọ̀ ọ́. Kí wọ́n mú kóró rẹ̀ hù, kí wọ́n sì kó ọmọ igi jáde ní oṣù Kẹrin nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kí wọ́n tà á, kí wọ́n má fi tọrẹ, nítorí ọ̀fẹ́ ló sọ igi yìí di yẹpẹrẹ lójú wa. Bí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Ìbàràpá bá sì pe àgbẹ̀ jọ lórí rẹ̀, kí wọ́n fún àwọn obìnrin tó ń gé èso tà ní àyè láti sọ̀rọ̀ ṣáájú àwọn olóyè, nítorí àwọn ló mọ irú ìbẹ́pẹ tí oníbàárà máa ń padà wá béèrè.